Rúta Eléèkù Méjì

Bí ẹ bá wọ ilé kan ní Òkúkù, tí wọ́n ní kí ẹ jókòó sórí àga onígi, ẹ fi ìka wá etí àga náà wò. Bí ìka yín bá kan ilà tóóró kan tí wọ́n gbẹ́ sí i, tó yí i ká láìwọ́ síbì kankan, bàbá mi ló ṣe é. Àwọn káfíńtà mìíràn máa ń kọ orúkọ wọn sábẹ́ àga. Bàbá mi ní ẹni tó bá fẹ́ràn orúkọ rẹ̀ kì í kọ ọ́ síbi tí ènìyàn máa fi ìdí tẹ̀. Ṣísẹ́lì ẹlẹ́nu tínrín kan ni wọ́n fi ń gbẹ́ ilà yẹn, ọwọ́ ọ̀tún wọn ló sì mọ ọ̀nà rẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ lọ́wọ́, bí ilé ń jó, wọn ò ní gbójú sókè.

Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, orí àpótí ni ìyá mi ń jókòó. Láti kékeré mi ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. "Bàbá wọn, gbogbo ìlú ti jókòó tán, ó ku èmi." Bàbá mi á ní iṣẹ́ oníbàárà ló kọ́kọ́ wà nílẹ̀. Ìyá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún fa àpótí wọn mọ́ ìdí ààrò.

Nígbà tó yá, tí ọjọ́ ogbó dé, tí oníbàárà dín kù, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ àga náà. Ìrókò ni, àga ìfàyìntì tó ní apá méjì. Wọ́n ti to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ku ilà etí rẹ̀ nìkan, ni àìsàn dé. Dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni, pé ká dúpẹ́ pé kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. A dúpẹ́. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ń gbọ̀n, agbára rẹ̀ kò sì tó nǹkan mọ́. Bàbá mi fi àpò sìmẹ́ńtì bo àga náà ní igun ṣọ́ọ̀bù, wọn ò tún wo ibẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe àga. Bàbá mi kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan mọ́. Ẹ mọ̀ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa, a kì í fi ọwọ́ òsì fún ènìyàn ní nǹkan. Ẹni tí ọ̀tún rẹ̀ bá kún fún ẹrù á ní, "Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni o," á sì tán síbẹ̀. Bàbá mi ò lè máa tọrọ àforíjì bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fún ọ ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n á gbé e sórí tábìlì, wọ́n á sì kọjú síbòmíràn títí o fi mú un. Ìyá mi fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan. "Ṣé mo ti di adìyẹ ni, tí ẹ ń da nǹkan sílẹ̀ fún mi?" Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú ìyá mi.

Ìkìrun ni mo ti ń ṣe tíṣà. N kì í lè wo nǹkan tó bàjẹ́ kí n dákẹ́. Lákòókò ìsinmi ọ̀sán kan ni mo rí i lórí fóònù, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní rúta. Irin ẹnu rẹ̀ á máa yí bírí bírí, bí o bá sì tì í lọ létí pákó, á gbẹ́ ilà bí ẹni pé ó ti ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó sinmi nínú yàrá àwọn tíṣà. Mo kọ́ wọn ní rúta bí ẹni kọ́ni ní ìṣirò. Mo ní èyí tí màá rà fún bàbá mi gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kí ọwọ́ kan lè dì í mú. Kò gbọdọ̀ fò sókè bí wọ́n bá tàn án, kó kọ́kọ́ rọra yí ná. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ oníke tó mọ́ gaara, kí ojú lè rí ibi tí irin ń lọ, kí ó sì ní iná kékeré lẹ́nu. Kí irin tí wọ́n ń tà ní Ìkìrun bá ihò rẹ̀ mu, kó má jẹ́ pé bí ẹyọ kan bá kú, a ó máa retí ọkọ̀ òkun. Ẹnì kan fẹ́ bá mi wá tòkúnbọ̀. Mo ní rárá, iná tí àwọn kan lára wọn ń lò ní ìlú tí wọ́n ti wá kò tó tiwa, èéfín ni wọn yóò rú lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo lọ mú bàbá mi ní Òkúkù. Ìyá mi ti wé gèlè sílẹ̀. Wọ́n ní àga àwọn ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lọ sọ́jà, àwọn ò sì ní jókòó sílé.

A kọ́kọ́ yà ní Inísà. Ọmọ iṣẹ́ bàbá mi àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí òun náà ti di ọ̀gá, ó ní irú rúta tí mo fẹ́, mo sì fẹ́ kí bàbá mi dán an wò ná. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó pe bàbá mi ní ọ̀gá, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó gbé rúta náà kalẹ̀. Bàbá mi fi ọwọ́ òsì mú un, wọ́n sì fa ilà kan sára àlòkù pákó. Ilà náà kò burú. Mo pàtẹ́wọ́! Bàbá mi pa ẹ̀rọ náà, wọ́n gbé e sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ní, "Ó dára." Nínú ọkọ̀ láti Inísà dé Ìkìrun, ojú fèrèsé ni wọ́n ń wò. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá mi já mi léèékánná ní itan.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí a wọ̀ ní Ìkìrun, ọkùnrin tó ń tajà kó rúta síwájú wa lóríṣiríṣi. Ó ń yin èyí tó lágbára jù. Mo ní kó gbé agbára sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Mo yẹ̀ wọ́n wò bí mo ṣe ń yẹ èékánná àwọn ọmọ wò láàárọ̀ Mọ́ńdè. Mo ní kó tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn, mo tẹ iná ẹnu wọn. Nígbà tó yá, mo rí ọ̀kan tí kò ní àbùkù kankan, ó fúyẹ́ bí ìbẹ́pẹ kékeré.

"Bàbá, èyí gan-an ni."

Ọkùnrin náà nà án sí bàbá mi. Bàbá mi kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Tíṣà," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí, "ṣé òsì nìkan ni mo ní ni?"

Mo ní kí ọkùnrin náà gbé e kalẹ̀ ná.

"Gbogbo èyí tó o ń yàn láti àárọ̀, ọwọ́ kan ló ń lò wọ́n. Ọwọ́ kan yẹn á sì jẹ́ òsì. Ṣé òsì ni kí n fi ṣe àga ìyá ẹ?" Wọ́n mú ọwọ́ ọ̀tún jáde, ó ń gbọ̀n lójú gbogbo wa. "Èyí ò tíì kú. Ó ń gbọ̀n ni."

Ìyá mi ń wo ilẹ̀. Omi lé sí mi lójú, n kò sì bìkítà pé ọlọ́jà ń wò mí. Mo fẹ́ràn bàbá mi lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe mọ̀ pé mo fẹ́ràn wọn lọ. Mo nu ojú, mo bi ọkùnrin náà bóyá ó ní èyí tó ní èèkù méjì.

Òkè pátápátá ló ti gbé e wá, eruku ti bò ó. Ó ní àwọn ènìyàn kì í fẹ́ ẹ mọ́ torí pé ó wúwo díẹ̀. Kékeré náà ni, ṣùgbọ́n èèkù róbótó kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ibi tí wọ́n ti ń tàn án sì wà lábẹ́ àtàǹpàkò òsì. Kò ní iná lẹ́nu, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú. Àmọ́ ó ń rọra bẹ̀rẹ̀, irin Ìkìrun sì bá a mu. Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Òsì ń tì í, ọ̀tún gbé ara lé e, ó gbọ̀n díẹ̀ ná. Ìwúwo tí mo ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá ló tẹ ọwọ́ náà jókòó. Wọ́n fa ilà kan, wọ́n fi ìka tọ́ ọ, wọ́n sì wo ìyá mi.

Ìyá mi ló dúnàádúrà. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n irin ẹnu méjì ló fi ṣe èènì fún wọn, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé ẹ̀rọ náà dé ìdí ọkọ̀.

Bàbá mi fi àlòkù pákó kọ́ ọwọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa fa ilà àga, wọ́n ránṣẹ́ pè mí, mo sì bá wọn di àga náà mú. Ilà ìdí rẹ̀ tọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́. Apá òsì tọ́. Nígbà tí a dé iwájú apá ọ̀tún, ọwọ́ fò, ilà náà sì wọ́ díẹ̀ kó tó padà sójú ọ̀nà.

Bàbá mi pa ẹ̀rọ. Wọ́n fi ìka tọ́ ibi tó wọ́ náà.

"Màá yọ apá yẹn," wọ́n ní. "Màá ṣe òmíràn."

Ìyá mi jáde láti ibi ààrò, wọ́n nu ọwọ́ sí ìró, wọ́n sì jókòó sórí àga náà pẹ̀lú gbogbo èérún pákó tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé apá tó wọ́ náà. "Ẹ wá yọ ọ́, kí n rí yín."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di bẹ́ńṣì mú.

"Gbogbo ará Òkúkù ló ní èyí tó tọ́," ìyá mi ní. "Èmi nìkan ni mo ní èyí. Mo ti jókòó báyìí, mo ti di oníbàárà, ẹ fún mi lómi."

Bàbá mi lọ bu omi. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, mo ń fi ojú wá ibi tí wọ́n máa gbé ife náà sí, mo tilẹ̀ ti sún pákó kan kúrò lórí bẹ́ńṣì. Wọn ò wo bẹ́ńṣì. Wọ́n lọ síwájú ìyá mi tààrà, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ife náà mú bí wọ́n ṣe ń di rúta mú, wọ́n sì nà án sí wọn.

Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Ẹ ṣé o, ọkọ mi."

Omi díẹ̀ ti dà sí ìró wọn. Wọn ò nù ún.