Ojú Ewé Kejì Ìwé Àdán

Ọ̀gá ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àdán sọ fún mi pé torí mo mọ òǹkà dáadáa lòun ṣe pè mí wọ ẹgbẹ́, mo sì gbà á gbọ́. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Marcory, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, níbi tí wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà kò ju ká jókòó ní ìrọ̀lẹ́, ká máa ka àwọn àdán bí wọ́n ṣe ń gbéra lórí igi lọ wá oúnjẹ. Mẹ́wàá mẹ́wàá là ń kà wọ́n, ní Faransé, nítorí òǹkà Yorùbá kò lè sáré bá wọn. Ọ̀fẹ́ là ń ṣe é. Ó dùn mọ́ mi débi pé ìyàwó mi ní mo ti fẹ́ ìyàwó kejì, èyí tó ń dorí kodò sùn.

Igi tèmi wà ní Anoumabo, máńgòrò ńlá kan nínú àgbàlá Àlájà, ìyá àgbà ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ti bá ìyá mi tajà ní Treichville kí wọ́n tó bí mi. Abẹ́ igi yẹn ló ti ń ta bísáàpù, omi ìṣápá pupa tó máa ń tutù nini. Àwọn àdán ń ṣu sórí tapólì rẹ̀, ó sì ń bú wọn lójoojúmọ́, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kànnàkànnà ta wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa, obìnrin kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, fún mi ní ìwé ojú ewé méjì kan pé kí Àlájà fọwọ́ sí. Gbogbo àwa ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí la mọ iṣẹ́ yìí. Láti kékeré la ti ń ka ìwé fún àwọn àgbà wa tí kò kàwé Faransé: ìwé iná, ìwé onílé, ìwé dókítà. Ohun tí a bá ti sọ pé ó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni lójú wọn. Ojú ewé kìíní sọ pé ẹgbẹ́ lè máa wá ka àdán nínú àgbàlá. Bí mo ṣe fẹ́ ṣí èkejì, ọ̀gá gbọ́wọ́ lé e. "Ça, c'est pour le bureau," ló wí. Ó ní ti ọ́fíìsì nìyẹn, kí n má fi da ìyá arúgbó láàmú. Mo gbà, èmi tí mo máa ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n ka ìbéèrè dópin.

Mo ka ojú ewé kìíní fún Àlájà ní Yorùbá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó bi mí bóyá ó tán. Mo ní ó tán. Mo ṣí kìkì ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì fún un, níbi ìfọwọ́sí, ó sì tẹ̀ka sí i.

Ní àárọ̀ Sátidé kan lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó fi fóònù pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn èèyàn kan tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n fi nǹkan bo imú, ti ta àwọ̀n yí igi ká. Orí tábìlì bísáàpù ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àdán. Àwọn aládùúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo Àlájà bí ẹni tó ní àrùn nílé.

Mo bá ọ̀gá wa láàárín wọn. Ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ṣí ojú ewé kejì hàn mí: àwọ̀n wà níbẹ̀, gbígba ẹ̀jẹ̀ àdán láti fi wá àrùn wà níbẹ̀, ìka Àlájà sì wà nísàlẹ̀. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń wá ẹni tó máa bá ìyá náà sọ èdè rẹ̀. Òǹkà mi kọ́ ló wù ú rárá. Wọ́n yá ẹnu mi lò bí ìgbálẹ̀ aládùúgbò, ó sì dùn mí wọra. Títí di òní, bí mo bá rántí ọpẹ́ yẹn, inú ń bí mi.

Wọn ò rí àrùn kankan nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Kò sẹ́ni tó ra bísáàpù mọ́. Kí oṣù tó parí, Àlájà pe àwọn agégi.

Mo fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté. Mo ṣàlàyé pé wọ́n tàn mí ni, pé n kò mọ ohun tó wà lójú ewé kejì. Ó ní kí n dìde, ó bu bísáàpù fún mi, ó sì dúró kí n mu ún tán.

"Wọ́n tàn ọ́, mo gbọ́," ó ní. "Àmọ́ ọmọ mi, ṣé àwọn ni mo bi pé ṣé ó tán?"