Abọ́ Omi Jẹ́nẹ́rà àti Ọ̀rá Ọwọ́ Bàbá Ráfíù

"Ìyá Alájá, ẹ máa bọ̀ kíákíá! Wọ́n fẹ́ pa Jẹ́nẹ́rà!"

Bí Mọ̀mí Títí ṣe pariwo sí mi létí nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́, torí kì í pe èèyàn lórí fóònù kó má kọ́kọ́ gbàdúrà fún un. Jẹ́nẹ́rà ni ajá rẹ̀, ajá òyìnbó kan báyìí tí orí rẹ̀ tó ìkòkò ọbẹ̀. Mo fi ọṣẹ tí mo ń pò sílẹ̀, mo gbé báàgì mi, mo wọkọ̀ láti Ìbàfò lọ sí Mowé.

Iṣẹ́ ajá ni mò ń ṣe. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń gé èékánná wọn, mo ń kọ́ wọn kí wọ́n jókòó kí wọ́n sì dìde, mo sì ń bá àwọn tó ni wọ́n sọ̀rọ̀, èyí ló sì le jù nínú gbogbo rẹ̀. Láti Akútè títí dé Arépo, wọ́n mọ̀ mí. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá rí i pé obìnrin ló wá bá ajá wọn. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rín in tán kí n tó sọ iye owó mi.

Akútè ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Sọ́ndé, ọkùnrin tínínrín kan tó ń sin ajá tà. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń fi ṣéènì sí ajá lọ́rùn. "Tí nǹkan bá ṣe ajá," ló máa ń wí, "èèyàn ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Tí o bá ti yẹ èèyàn wò tán, fura sí oúnjẹ àti omi. Ajá fúnra rẹ̀ ló kẹ́yìn." Ìfura loògùn àgbà, mo sì ti lo oògùn náà débi pé tí ẹnì kan bá fún mi ní bísíkíìtì, mo máa ń yí i wò lẹ́yìn kí n tó jẹ ẹ́. Kì í ṣe ẹjọ́ mi. Ajá méjì tí mo fọwọ́ ara mi tọ́ ni àwọn olè ti ju ẹran onímájèlé sí ní Ìbàfò kí wọ́n tó fo ògiri wọlé. Èmi ni mo sin wọ́n. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ní wọ́n fẹ́ pa ajá òun, n kì í rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ráfíù, mẹ́gáàdì ilé náà, ló ṣí géètì fún mi. Ọmọ apá Owódé Ẹ̀gbá ni, àgbàlagbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, yàrá kékeré ẹnu géètì ló sì ń gbé. Ó kí mi káàbọ̀, àmọ́ kò wojú mi. Mo fi ìyẹn pamọ́ sínú.

Mọ̀mí Títí fà mí wọ pálọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Obìnrin oníṣòwò ni, ó ń ta aṣọ ní Èkó, ó sì jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Torí pé kì í sí nílé, ó ti fi kámẹ́rà sára ògiri, ó sì ń ti orí fóònù wo ilé rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù.

"Jẹ́nẹ́rà ò jẹ́ kí omi dúró nínú abọ́ mọ́," ó ní. "Wọ́n á bu omi fún un, á mu díẹ̀, á da ìyókù nù. Bùrọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ pé ajá kì í da omi nù lásán, ó ní ohun tó rí nínú omi ọ̀hún ni. Ni mo bá lọ wo kámẹ́rà. Ẹ wò ó."

Mo wò ó. Bàbá Ráfíù ló wà nínú fóònù, ó so ọ̀rá náílọ́ọ̀nù mọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ọlọ́rá yẹn ló fi ti abọ́ ajá, ó wá dúró lókèèrè da omi sí i. Nígbà tó yá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bu nǹkan kan tó pọ́n, tó sì kúnná bíi páúdà, lẹ́yìn ẹ̀rọ omi, ó dà á sínú kẹ́tùlù, ó fi ọwọ́ yí i, ó sì gbé kẹ́tùlù náà kúrò níbi tí kámẹ́rà lè rí.

Orí mi wú. Mo sì rántí ohun kan tó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ: nígbà tí mo wá kẹ́yìn, Bàbá Ráfíù bi mí bóyá oògùn kan wà tí èèyàn lè fún ajá kó má lè sún mọ́ni mọ́. Mo ti rò pé àwàdà ló ń ṣe.

"Ṣé kí n pe ọlọ́pàá?" Mọ̀mí Títí bi mí.

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀," mo ní. Kì í ṣe pé mo gba bàbá náà gbọ́ o. Ọ̀nà tí Ọ̀gá Sọ́ndé là sílẹ̀ ni mo fẹ́ tọ̀ dé òpin: mo ti yẹ èèyàn wò, ó ku omi.

Mo jáde lọ ra píọ̀ wọ́tà, mo da omi Bàbá Ráfíù tó ṣẹ́ kù nínú abọ́ ajá sínú ife kan, mo fọ abọ́ náà dáadáa, mo fi eyín ara mi já ọ̀rá omi, mo dà á sínú abọ́. Mo wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, mo ń wo ajá. Bàbá Ráfíù náà ń wò mí láti ẹnu géètì. Mọ̀mí Títí ń wo àwa méjèèjì láti ojú fèrèsé.

Jẹ́nẹ́rà wá, ó lá omi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ńlá lé etí abọ́, ó tẹ̀ ẹ́, omi dà yàà. Ajá náà nà gbalaja sójú ibi tó tutù, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti oko dé. Mo da omi mìíràn sí i. Ohun kan náà ló tún ṣe.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń jó mi nínú sálúbàtà. Íńtálọ́ọ̀kì tuntun ni wọ́n tẹ́ sí gbogbo àgbàlá náà, igi fúrúùtù tí Jẹ́nẹ́rà máa ń sùn sábẹ́ rẹ̀ sì ni wọ́n gé kí wọ́n tó ráyè tẹ́ ẹ. Ajá ò rí ìbòòji mọ́, ó wá ń fi omi mímu ṣe ibùsùn.

Mo ṣàlàyé fún Mọ̀mí Títí. Ó gbọ́, àmọ́ kò rọ̀.

"Ó dáa, ooru ni. Ọ̀rá ọwọ́ ńkọ́? Páúdà ńkọ́?"

Ó jáde síta, ó sì pe bàbá náà. Tẹ́lẹ̀, "ẹ" ló máa ń bá a sọ, torí bàbá náà jù ú lọ. Ọjọ́ yẹn, "ìwọ" ni mo gbọ́.

"Ìwọ, gbé ife yẹn, omi tí o bù fún ajá mi ló wà nínú rẹ̀, kó o mu ún níṣojú mi."

Bàbá Ráfíù sún sẹ́yìn. "Mọ̀mí, mi ò lè mu ún."

"Ẹ ò rí nǹkan! Ìyá Alájá, ẹ ti fi etí yín gbọ́!" Ó ti ń tẹ fóònù.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Tí ọlọ́pàá bá gbé bàbá náà lọ, iṣẹ́ ti lọ, yàrá ti lọ, kò sì sí ẹ́sítéètì kan ní gbogbo Mowé tó máa gba ẹni tí wọ́n bá pè ní apajá. "Bàbá Ráfíù," mo ní, "kí ló dé tẹ́ ò lè mu ún? Ẹ tètè sọ ọ́."

"Ajá ti fẹnu sí i," ó ní. "Mùsùlùmí ni mí. Tí itọ́ rẹ̀ bá kàn mí, mi ò lè kírun àfi kí n fọ̀ ọ́ kúrò. Ìdí tí mo fi ń so ọ̀rá mọ́wọ́ nìyẹn. Tó bá sì ti da omi tiẹ̀ nù tán, kẹ́tùlù àlùwàlá mi ló ń lọ mu. Ẹ̀ẹ̀meje la máa ń fọ ohun tí ajá bá lá, a ó sì fi iyẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́. Iyẹ̀pẹ̀ lẹ rí, Mọ̀mí."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ fẹ́ràn ajá yín. Mo rò pé tí mo bá sọ pé itọ́ rẹ̀ ń dà mí láàmú, ẹ ó ní kí n máa lọ."

Ó wọ yàrá rẹ̀, ó gbé kẹ́tùlù náà jáde, ó pọn omi ẹ̀rọ sí i níṣojú wa, ó sì gbé e sẹ́nu. Ó mu ún títí omi fi ń ṣàn nínú irùngbọ̀n rẹ̀, ó wá dojú kẹ́tùlù dé kí a lè rí i pé kò ku nǹkan kan. Jẹ́nẹ́rà dìde, ó fẹ́ lá ẹnu kẹ́tùlù. Bàbá náà yára gbé e sókè.

Ojú tì mí fún Mọ̀mí Títí, ojú sì tì mí fún ara mi. Síbẹ̀, mo lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ omi, mo bu iyẹ̀pẹ̀ yẹn, mo gbóòórùn rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ni lóòótọ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá Ráfíù," Mọ̀mí Títí wí. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Mo ti gbọ́, Mọ̀mí," ó ní, ó sì gbé kẹ́tùlù rẹ̀ padà sí yàrá.

Ọ̀rọ̀ abọ́ kò le. Mo lọ bá fọkanáísà kan lójú ọ̀nà, mo ní kó fún mi ní táyà àlòkù. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Nílùú yìí, ẹni tó bá ń wá táyà àlòkù, wọ́n á kọ́kọ́ bi í ẹni tó fẹ́ dáná sun. Mo gbé e dé ilé Mọ̀mí Títí, mo da sìmẹ́ńtì tí mo pò mọ́ yanrìn sínú rẹ̀, mo fi ọ̀rá wé ìdí abọ́ náà kó má bàa lẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín kí sìmẹ́ńtì tó gan. Bẹ́ẹ̀ ni abọ́ ṣeé yọ kéèyàn fọ̀ ọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ajá kankan ò lè dojú rẹ̀ dé. Mo ní kí wọ́n ta tapólì sókè ibẹ̀ fún ìbòòji, kí wọ́n sì hú íńtálọ́ọ̀kì díẹ̀ kúrò kí ajá lè rí ilẹ̀ tútù sùn sí.

Nígbà tí mo padà lọ wò ó bóyá ó ti gan, Bàbá Ráfíù ti ká ẹní rẹ̀. Ẹní ọ̀hún àti kẹ́tùlù nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó lé yín," mo ní.

"Mo mọ̀. Mi ò kàn lè máa ṣọ́ ilé tí wọ́n ti ń ṣọ́ mi."

Ó dùn mí wọra. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, àmọ́ èmi tí mo lọ gbóòórùn iyẹ̀pẹ̀, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́?

Wọ́n gba mẹ́gáàdì tuntun, wọ́n sì ní kí n wá fi iṣẹ́ ajá hàn án. Ẹlẹ́sìn Kírísítì ni, kò bẹ̀rù itọ́. Jẹ́nẹ́rà ń mu omi wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú abọ́ tí kò mì. Àmọ́ kí mẹ́gáàdì náà tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́, ó sì yí wọn síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló tó bu omi.

Mo bi í ẹni tó ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀.

"Kò sẹ́nì kankan, mà," ó ní. "Mo kàn gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá tó ṣáájú mi."