Nígbà Tí Mo Di Ọ̀gá Màmá Mi

Òórùn ògì tó jóná ni mo fi máa ń rántí àárọ̀ náà. Màmá mi, tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ kankan jóná, jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná wa l'Ọ̀kà, ó ṣí ìwé ńlá kan sórí itan, ètè rẹ̀ ń mì, ògì sì ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ìkùukùu ṣì bo òkè tó wà lẹ́yìn ilé. Ìyá àgbà, tó bí bàbá mi, ló sáré wọlé gbé ìkòkò náà kalẹ̀. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ní, "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ tó dùn ju oúnjẹ lọ?"

Nọ́ọ̀sì ni màmá mi ní ilé ìwòsàn kan n'Ìkàrẹ́. Ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú òyìnbó, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ náà yà wá lẹ́nu, nítorí pé lójú tiwa kò sí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù ú lọ ní gbogbo àdúgbò. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà nìkan ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó lọ ra ìwé yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń tàwé lọ́jà Ìkàrẹ́, ìwé àwọn tó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ dé ìsàlẹ̀. Ewé inú rẹ̀ ń dán, ó sì ń rùn bí ọ̀dà tuntun. Tọkọtaya òyìnbó kan wà lára èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ agbòòrùn bí ẹni pé òjò ni wọ́n ń jẹ yó.

Ohun tó mú ìwé náà wọ ayé mi ni pé kò ṣeé dá kọ́. Ní ìparí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ènìyàn méjì ní láti bá ara wọn sọ̀rọ̀: kí ọ̀kan jẹ́ oníbàárà, kí èkejì jẹ́ ọlọ́jà; kí ọ̀kan jẹ́ onílé, kí èkejì jẹ́ ayálégbé. Màmá mi kọ́kọ́ bẹ bàbá mi. Bíríkìlà ni bàbá mi, ẹnu rẹ̀ kò sì gbọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò ju ti sìmẹ́ńtì àti iyanrìn lọ." Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe já lé èmi lọ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ń fi ojoojúmọ́ bẹ̀ pé kó dákẹ́.

N kò pẹ́ rí i pé ipò ńlá ni wọ́n fi mí sí. Lédè wa, n kò jẹ́ dán an wò kí n pe màmá mi ní "ìwọ". Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò ya àgbà sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà tí mo fi ń pe àbúrò mi ni mo ń fi pe ìyá tó bí mi, ó sì ń dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tí mo jẹ́ máníjà òtẹ́ẹ̀lì, tó wá sọ pé omi kò sí nínú yàrá òun, mo ní kó gbé korobá lọ sí kànga bí àwọn àlejò yòókù. Nígbà tí mo jẹ́ ẹni tó wá jẹun nílé oúnjẹ, mo ní ẹja inú ọbẹ̀ mi kéré, mo sì ti rí i pé ọkọ alásè ni wọ́n ń bu ńlá fún. Ó tọrọ àforíjì bí ìwé ṣe wí. Bó ti pa ìwé náà dé, ó yíjú sí mi, ó sọ Yorùbá: "Ó tó, ọ̀gá. Ẹ dìde, ẹ lọ fọ àwo."

Ìyá àgbà, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, a máa jókòó síwájú ilé, a sì máa wò wá. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni à ń sọ. Mo ní màmá ń bẹ̀ mí ni. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Kí ló wà lọ́wọ́ tìrẹ tó ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

Bí ìdánwò ti ń sún mọ́lé, mo gbọ́ tí bàbá mi ń sọ fún Ìyá àgbà pé tí màmá mi bá yege, ọ̀dọ̀ wọn ni àwa ọmọ yóò wà. Kò tíì yé mi tẹ́lẹ̀ pé kò ní mú wa lọ. Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn sì ni ti ẹni tó ń wáṣẹ́. Èmi ni ọ̀gá iṣẹ́. Mo lọ dé fìlà bàbá mi, mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo ti pinnu pé n kò ní gbà á.

Mo bi í ní ìbéèrè inú ìwé, gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ni mo sì ń dà nù. Mo ní ó ti dàgbà jù. Mo ní ọyẹ́ Ọ̀kà lásán ń mú un wọ súwẹ́tà méjì, báwo ni yóò ṣe fara da òtútù òyìnbó. Níkẹyìn mo ní, "Ebi yóò pa àwọn ọmọ rẹ." Ìyẹn kò sí nínú ìwé.

Màmá mi wò mí. Mo rò pé yóò pa ìwé dé, kó ní kí n lọ sùn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó tún ara rẹ̀ ṣe lórí ìjókòó, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí bóyá ọ̀gá lè gba òun láyè kí òun dáhùn ìyẹn. Mo mi orí pé kó máa wí.

Ó ní ní ibi iṣẹ́ òun, àwọn ìyá kan máa ń bímọ kí oṣù tó pé. Ọmọ náà kì í tóbi ju ọwọ́ lọ. Òwú ni wọ́n fi ń wé e, wọn a gbé ìgò omi gbígbóná sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn a sì máa wò ó. Nígbà mìíràn kì í mọ́jú, òun sì ni yóò lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti sú òun í sọ. Ó ní ibì kan wà tí wọ́n ti mọ ohun tí àwọn kò mọ̀, òun fẹ́ lọ kọ́ ọ, kí òun sì padà. Ó ní ebi kò ní pa àwọn ọmọ òun, nítorí ìyá ọkọ òun mọ ọbẹ̀ sè ju òun lọ. "Ṣùgbọ́n wọn yóò sunkún," ló wí, "èmi náà yóò sì sunkún."

Ìwé ní kí ọ̀gá dúpẹ́, kó ní àwọn yóò kọ̀wé sí i. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní a ti gbà á, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ padà lóòótọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ra bàtà tó ń tan iná ní gìgísẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀.

"Mo gbà, ọ̀gá," ló fi Yorùbá dáhùn. Ó ṣí fìlà lórí mi, ó fà mí mọ́ra.

Ó yege, ó sì lọ. Mo ké débi pé gbogbo gáréèjì Ìkàrẹ́ dúró wò mí, bàbá mi sì fi èjìká gbé mi wọ ọkọ̀ padà sílé. Bàtà náà dé, ó kéré. Àbúrò mi ló wọ̀ ọ́, ó sì fi ń yọ mí lẹ́nu. Mo ti wọ ilé ìwé girama nígbà tí màmá mi padà sí ilé ìwòsàn rẹ̀, tó tọrọ yàrá kan fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, tí wọ́n sì fún un. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n tó bá ń rajà n'Ìkàrẹ́, àwọn ìyá ṣì máa ń ti ọmọ géńdé síwájú rẹ̀ pé, "Dọ̀bálẹ̀ kí wọn."

Ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Àkùngbá, mo wà lára àwọn tó ń bi àwọn tó ń wáṣẹ́ léèrè ọ̀rọ̀. Mo mọ gbogbo òfin rẹ̀. Tó bá sì ti di ọ̀sán, tí ebi ń pa mí, mo máa ń wo aago, mo sì máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà náà kò mọ òfin kankan. Ó ti dájọ́ kó tó jókòó, ìbínú sì kún inú rẹ̀. Síbẹ̀ ó jẹ́ kí obìnrin yẹn sọ tirẹ̀ tán, ó sì yí ọkàn padà. Bí èmi àti ọmọ yẹn bá jọ wá du ipò tí mo wà yìí, òun ni n bá gbà.