Rẹ́jísítà Tí Bàbá Mi Kò Parí

Ẹni tó bá fẹ́ lè pè mí ní òpùrọ́. Mi ò mutí, mi ò sì sùn lọ́jọ́ náà. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, nínú ilé wa ní Ẹ̀fọ̀n, lọ́sàn-án gangan.

Tíṣà ìṣirò ni bàbá mi. Kó tó kú, ó ń kọ ètò kan sínú ìwé fún irú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó kọ́kọ́ lò nígbà èwe rẹ̀. Èdè asẹ́ńbílì ló fi kọ ọ́, èdè tí èèyàn fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ lẹ́sẹẹsẹ. Ètò náà á máa pe orúkọ bíi rẹ́jísítà kíláàsì, á sì máàkì ẹni tó bá jẹ́ ẹ.

Ikú kò jẹ́ kó kọ ibi tí ètò náà máa dúró sí. Ó ń dùn mí, ẹ gbà mí gbọ́. Mo wá ètò tó ń sín kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn jẹ sórí kọ̀ǹpútà àgbélétan mi, mo tẹ gbogbo ohun tí bàbá mi kọ, mo sì fọwọ́ ara mi parí rẹ̀: má dúró àfi tí gbogbo ẹni tí o pè bá ti dáhùn.

Orúkọ mẹ́ta ni mo fi sí i láti dán an wò: Táyé, Bọ́lá, Ṣadé. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa.

Kùrukùru òkè ti bo fèrèsé. Mo yí iṣẹ́ náà sí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń gbọ́, kò rí àṣìṣe kankan. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀.

Kò pe Táyé. FOLUKE ló kọ. Orúkọ ìyá mi ni.

Orí mi wú. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn màámi láti ilé ìdáná: "Ẹẹ̀n, mo ń bọ̀ o!"

Ó jáde tòun tọ̀bẹ tó fi ń bẹ iṣu.

"Màámi," mo rọra bi í, "ta lẹ dá lóhùn?"

"Bàbá rẹ," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ nínú ulé."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Òun gan-an ló kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù tó ti ń dá ohùn yẹn lóhùn, ẹnu rẹ̀ ti jẹ́ ẹ kí ọkàn rẹ̀ tó rántí.

Mo wo ojú ẹ̀rọ. Ó ti máàkì rẹ̀. Orúkọ tèmi ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń dúró de ìdáhùn mi.

Mo pa ẹ̀rọ náà, mo yọ bátìrì rẹ̀. Nígbà tí mo tún tàn án, ó ṣì ń dúró. Mo yẹ ohun tí mo tẹ̀ wò: Táyé, Bọ́lá, Ṣadé nìkan ló wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni màámi ti ń ká aṣọ rẹ̀ sínú àpótí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi í, ó ní kò sí nǹkan. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mi ò lè pa ètò náà rẹ́, torí mi ò mọ ohun tó máa bá orúkọ rẹ̀ lọ. Mo kàn mọ̀ pé rẹ́jísítà náà kò ní parí àfi tí mo bá dáhùn. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí mi ò bá dáhùn, bóyá màámi ò ní lọ bá bàbá mi.

Iṣẹ́ tí òkú bá fi sílẹ̀ láìparí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì wá kí wa, ẹ má pe orúkọ mi láti ìta. Ẹ wọlé, kí n kọ́kọ́ rí ojú yín.