Ìdúpẹ́ Ìyá Richard Níwájú Àwọn Aṣòfin

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Gilbert Adébóyè, ọkọ mi, í ṣe, ẹ má lọ bi ará Ìjàsí, àdúgbò wa n’Ìjẹ̀bú-Òde, léèrè o. Irọ́ ni wọ́n máa pa fún yín, irọ́ tó dùn. Wọ́n á ní ènìyàn ńlá ni, pé òun ló ń fi ọmọ Ìjẹ̀bú sí ẹ́ḿbásì káàkiri ayé. Èmi Matilda tí mo ń fọ ṣòkòtò rẹ̀, tí mo mọ ibi tó ti já, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ìjẹ̀bú-Imusin ni wọ́n bí i sí. Ìwé mẹ́fà ló kà tó fi gba Èkó lọ, ó lọ ṣe mẹ́séńjà ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ìwà tútù ló fi ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di akọ̀wé àgbà ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń gba ènìyàn síṣẹ́. Akọ̀wé àgbà náà, ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Bí wọ́n bá ń ṣe intafíù, òun ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pe orúkọ, òun náà ló ń gbé omi fún àwọn ọ̀gá tó ń bi ènìyàn ní ìbéèrè. Nínú yàrá yẹn, kò láṣẹ àtiwúkọ́. Gílóòbù ọ́fíìsì tirẹ̀ jó, ó pẹ́ títí kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò wá fi ọmọ ta ni síṣẹ́?

Èkó ló ń gbé, èmi àti Walter ọmọ wa wà ní Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú iṣẹ́ tíṣà mi. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ló ń wálé, àárọ̀ Mọ́ńdè ló ń padà. Ìgbà tó bá wálé yìí ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú Ìyá Richard wọlé báyìí, nítorí láìsí i, kò sí ìtàn. Mosúnmọ́lá lorúkọ rẹ̀. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló ń rán, ìdí máṣíìnì ló sì ti tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí, torí ọkọ rẹ̀ ti kú. Bí iléèwé bá fẹ́ wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú fún pẹ́dálì títẹ̀. Richard, ọmọ rẹ̀, lọ sí yunifásítì, ó lọ ka èdè Faransé. Gbogbo àdúgbò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, “Faransé kẹ̀? Ṣé pańla ló fẹ́ lọ máa tà ní Kùtọnu ni?” Ìyá rẹ̀ á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún.

Lọ́dún 1980, iléeṣẹ́ òkèèrè ń wá àwọn tó gbọ́ Faransé. Richard kọ̀wé, wọ́n pè é, ó lọ. Ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, ńṣe làwọn ọ̀gá ń wojú ara wọn, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní kó rọra sọ ọ́, òun ò gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Richard pegedé. Dákà, ní Sẹ̀nẹ̀gà, ni wọ́n gbé e lọ.

Gbogbo ohun tí Gilbert ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju pé ó tètè gbọ́ èsì, ó wọkọ̀ wálé, ó lọ sọ fún ìyá ọmọ.

Ìyá Richard kúnlẹ̀ gbì. “Búọ̀dá Gilbert, ẹ ṣeun! Ẹ̀yin lẹ ṣe é!”

“Èmi kọ́ o, Ìyá Richard. Ọlọ́run ni.”

“Mo mọ̀. Ẹ̀yin ni Ọlọ́run lò.”

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ta ló ń ṣoore tó ń sọ pé òun lòun ṣe é? Ẹni tó ṣe é gan-an ló ń ní òun kọ́. Bí ọkọ mi bá ṣe ń sẹ́ tó ni ó ń dá wọn lójú tó pé òun ni. Àwọn àgbà sì ti wí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ta ló fẹ́ jẹ́ ọlọ́ṣà? Ìyá Richard gbé àkùkọ wá. Ó gbé ọsàn wá. Mo jẹ àkùkọ náà, ẹran rẹ̀ yi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan ó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní bí kì í bá ṣe ti Búọ̀dá Gilbert, ta ni ìbá mọ ilé òun. Ìjọ hó yèè. Wọ́n ní kí ọkọ mi dìde dúró kí wọ́n rí i. Ẹni yín dìde!

Díẹ̀ ló kù kí n fi bàtà lù ú. Bí a ṣe délé, mo ní, “Bàbá Walter, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn pé ọmọ yẹn ló mọ̀wé?”

“Mo sọ. Mo ní èmi kọ́.”

“Ẹ ò sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní, “Matilda, ẹni tí kò ní ọlá kankan l’Ékòó, jẹ́ kó ní díẹ̀ nílé.”

Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnu ò sinmi mọ́. Àlàájì Gbàdàmọ́sí tó ń ta pákó ní Pòrògún náà ní ọmọ kan, Sàúdátù, tí ìka rẹ̀ yá lórí táípù bí ẹni ń yan àgbàdo. Òun náà ṣe ìdánwò, ó yege, wọ́n gbé e lọ sí ẹ́ḿbásì. Gilbert tún ni ìlú dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ní òun kọ́. Wọ́n gbé àga rẹ̀ sí iwájú nínú gbogbo ìpàdé àdúgbò.

Lọ́dún 1982 ni rẹ́díò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Wọ́n ní àwọn aṣòfin l’Ékòó ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti yẹ iléeṣẹ́ òkèèrè wò fínnífínní: owó tí wọ́n ń ná àti àwọn tí wọ́n ń gbà síṣẹ́. A gbọ́ pé àwọn ilé kan wà lókè òkun tí ìjọba ń san owó wọn, tí ènìyàn ò sùn síbẹ̀ rí. A gbọ́ ti àbúrò ọ̀gá kan, a gbọ́ ti àna ọ̀gá kan. Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo ní kí wọ́n tú u wò dáadáa, owó wa ni. Àfi bí ẹnì kan ṣe lọ sọ fún ìgbìmọ̀ pé akọ̀wé kan ń kó àwọn ará ìlú rẹ̀ wọṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde, pé ìlú náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí Gilbert wá jẹ́jọ́.

Mo bẹ̀rù gidigidi. Àwọn tó jẹ ẹran ń bẹ níbẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa so egungun rẹ̀ mọ́ lọ́rùn. Bí ìgbìmọ̀ bá dá ọkọ mi lẹ́bi, wọ́n á lé e láìfún un ní kọ́bọ̀ pẹ́ńṣàn, bẹ́ẹ̀ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló lè gbà á: kó sọ pé òun kò fi ẹnikẹ́ni síṣẹ́, kí wọ́n sì gbà á gbọ́.

Nígbà tí ìlú gbọ́, wọ́n ní kò jọ ọ́. Àlàájì Gbàdàmọ́sí wá sílé wa. “A ò ní jẹ́ kí wọ́n rò pé ẹ ò lẹ́nìyàn,” ló wí. “Gbogbo wa là ń bọ̀. A ó jókòó síbẹ̀, kí wọ́n rí wa.”

Gilbert ní, “Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ìyọnu.”

“Ìyọnu wo?”

“Mo bẹ̀ yín ni. Ẹ má wá rárá.”

Àlàájì kọjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ rí ọkọ yín? Kò fẹ́ ni ẹnikẹ́ni lára.” Ó lọ háyà bọ́ọ̀sì.

Bí a ṣe dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nìyẹn, bọ́ọ̀sì kan odindi. Ìyá Richard wọ aṣọ òfì rẹ̀, ooru Èkó sì ń bá a jà. Àyè wà lẹ́yìn fún ará ìlú, a kún ún. Nígbà tí Gilbert wọlé nínú kóòtù eérú rẹ̀, tó rí wa, ojú rẹ̀ ṣú.

Ọ̀gá ńlá kan ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀ àwọn àga olówó iyebíye tí wọ́n rà láti Ítálì fún ilé ambásádọ̀. Ẹni náà fọ Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ń dán, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá pe ọkọ mi.

Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, ọkùnrin olóhùn jẹ́jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi í pé, “Ọ̀gbẹ́ni Adébóyè, ṣé ẹ̀yin lẹ fi Richard àti Sàúdátù síṣẹ́?”

“Rárá, sà,” ni Gilbert wí. “Èmi kọ́. Mi ò lágbára bẹ́ẹ̀. Orúkọ ni mo ń pè lẹ́nu ọ̀nà, omi ni mo ń gbé.”

Lọ́jọ́ yẹn, ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Omi bọ́ lójú mi. Ohun tó sọ yẹn tì í lójú níwájú gbogbo wa, síbẹ̀ ó sọ ọ́. Alága mi orí, aṣòfin kan sì bọ́ awò ojú rẹ̀ bí ẹni tó ti gbọ́ tó. Mo ní, a bọ́, a ti bọ́.

Ìyá Richard tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì fa Àlàájì lápá. “Kí ló wí?”

“Ó ní òun kọ́. Ó ní omi lòun ń gbé.”

“Omi kẹ̀? Yéè! Wọ́n ti dẹ́rù ba ọmọlọ́mọ!” Kí n tó di ìró rẹ̀ mú, ó ti dìde. “Búọ̀dá Gilbert! Ẹ má bẹ̀rù wọn o! Ẹ má sọ ara yín di agbómi nítorí tiwa! Ẹ̀yin lẹ ṣe é, a ò ní jẹ oore tán ká dákẹ́!”

Ọlọ́pàá kan ń bọ̀. Alága gbé ọwọ́ sókè, ó yí sí Yorùbá. “Ẹ fi í sílẹ̀. Màmá, ta ni yín?”

“Èmi ni ìyá Richard tó wà ní Dákà.”

“Báwo lọmọ yín ṣe ríṣẹ́ náà, mà?”

Mo ń fà á, kò jókòó. “Ẹni tó dúró yẹn ni, sà. Èmi ò mọ ẹnì kan, mi ò lówó. Òun ló wọlé lọ bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi mú ọmọ mi. Ẹni rere ni, oyè ló yẹ kí ẹ fi dá a lọ́lá, kì í ṣe ìyà.” Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀. Àlàájì náà nàró, ó ní, “Òótọ́ ni, sà. Ọmọ tèmi náà.” Ni àwọn ará bọ́ọ̀sì wa bá pàtẹ́wọ́!

Mo kígbe pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé àwọn ọmọ náà ló yege fúnra wọn. Alága bèèrè ẹni tí mo jẹ́. Mo ní ìyàwó rẹ̀ ni mí. Ó ní kí n jókòó. Gilbert ò bojú wẹ̀yìn.

Níta, mo di Ìyá Richard mú léjìká méjèèjì. “Ẹ ti pa á! Kò ṣe nǹkan kan fún yín! Ọmọ yín ló wọlé fúnra rẹ̀!”

Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó gbá mi mọ́ra. “Ìyá Walter, ẹ̀yin àti ọkọ yín bára yín mu. Ẹ mà nírẹ̀lẹ̀ o.” Mo jókòó sórí iyanrìn.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ parí iṣẹ́, ọ̀gá tó ra àga ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Gilbert ni wọ́n lé, wọ́n sì fi pẹ́ńṣàn dù ú. Wọ́n ní kí Richard àti Sàúdátù máa bọ̀ nílé, pé òbí wọn ti fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n gbà wọlé. A ní kí wọ́n wo máàkì tí àwọn ọmọ náà gbà. Wọ́n ní ẹni tó lè fi ènìyàn síṣẹ́ lè fún un ní máàkì.

Ọkọ mi padà wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Kò jáde mọ́. Bí wọ́n bá kí i láti ìta, á ní kí n sọ pé òun ń sùn. Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ tún ń ṣe mí, n kò mọ èyí tí ǹ bá mú.

Ìgbà ọyẹ́ ni Richard dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ìyá rẹ̀ mú un wá sílé wa. Gilbert wà ní pálọ̀, kò ríbi sá sí. Ìyá Richard kúnlẹ̀. “Búọ̀dá Gilbert, mo mọ̀ pé ẹnu mi ló dá a rú. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ tún bá wa lọ rí wọn bí ẹ ṣe rí wọn níjọ́sí. Richard, dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó ṣe ọ́ lóore.”

Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní, “Bàbá Walter, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀yin lẹ fi mí síṣẹ́?”

“Rárá, Richard,” ni ọkọ mi wí. “Ìwọ lo fi ara rẹ síbẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ọ.”

“Mo mọ̀, sà.” Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. Kò pariwo, ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. “Màámi, gbogbo ọdún tí ẹ fi ń rán aṣọ kí n lè kàwé, kí lẹ rò pé mò ń kà?”

“Richard...”

“Ṣé ẹ ò gbà pé mo lè wọlé fúnra mi ni?”

Ìyá Richard wo ọkọ mi, ó wò mí, bí ẹni ń retí pé kí ọ̀kan nínú wa rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tó yé e. Ó ní, “Richard, ta la mọ̀? Ta la ní? Mo rò pé ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni...”

Richard kí wa pé ó dàárọ̀, ó sì jáde. Ìyá rẹ̀ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ti kẹ̀yìn sí Gilbert, ó ń wo ilẹ̀kùn tí ọmọ rẹ̀ gbà lọ.