Ẹni Tó Rẹ́rìn-ín Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Àwọn ọmọ tí Tíṣà Motọ́lání Bámgbóyè kọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ kò lè gbàgbé rẹ̀ láéláé, ẹ̀yìn wọn ni ẹ̀rí. Aago méje àárọ̀ kì í lù kí ó má ti dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé pẹ̀lú pankẹ́rẹ́ lábíyá. Ọmọ tó bá pẹ́ dé, kí orí ìyá rẹ̀ gbà á. Inú oko kòkó lẹ́yìn Èmùré ni wọ́n ti bí Motọ́lání, kẹ̀kẹ́ ni bàbá rẹ̀ fi ń gbé e lọ sí ilé ìwé, àtìgbà yẹn ló sì ti mọ̀ pé ọmọ tí kò bá tètè jí, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn ín. Obìnrin tó le ni. Kì í gba àlá gbọ́, kì í gba àgbọ́sọ gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìtàn òkú àti iwin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò ní kí onítọ̀hún lọ mu omi tútù kí ó sì sùn.

Ọkọ rẹ̀, Kọ́láwọlé, ni kò le bẹ́ẹ̀. Òun ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì ní àléébù kan tí gbogbo ìjọ mọ̀. Bí orin bá dùn mọ́ ọn, yóò dákẹ́ títí gbogbo ènìyàn yóò fi pàtẹ́wọ́ tán. Ìgbà náà ni yóò wá rẹ́rìn-ín kúkúrú lẹ́ẹ̀mẹta, yóò pàtẹ́wọ́ tirẹ̀ lóun nìkan, pá, pá, pá, yóò sì fi ẹnu Ìkẹ́rẹ́ ké pé, "Ẹ kú uṣẹ́ o!" Àwọn àgbà ìjọ bá a wí títí, ó sú wọn. Bíṣọ́ọ̀bù wá lọ́jọ́ kan, ó ṣe é fún bíṣọ́ọ̀bù.

Inú rírun ọjọ́ mẹ́ta ló pa á ní ọdún 1974. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Motọ́lání fi ọwọ́ ara rẹ̀ de bọ́tìnnì aṣọ tí wọ́n fi sin ín, ó sì dúró títí wọ́n fi rọ́ erùpẹ̀ bo ibojì náà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ fẹ́ ṣú u lópó, ó kọ̀. Ọkùnrin mìíràn wá láti ìta, ó kọ̀. Ó tọ́ Táyọ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, títí ó fi lọ sílé ọkọ ní Èkó. Lẹ́yìn náà ló ku òun àti ìyá ọkọ rẹ̀, Yèyé, nínú ilé wọn ní àdúgbò Odò-Ọjà. Àwọn obìnrin méjèèjì kì í dárúkọ olóògbé síra wọn. Motọ́lání rò pé ìrora ló fà á.

Nígbà tí wọ́n wá dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ Èkìtì palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ ní Àkúrẹ́. Adó kún bámúbámú, ẹni tó rí yàrá gbà níbẹ̀ dà bí ẹni tó rí ọmọ he. Bí Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runtọ́ba ṣe wá gba yàrá méjì níwájú ilé Motọ́lání nìyẹn, tó ń wọ mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì ní Adó láràárọ̀. Ó kó àga onítìmùtìmù mẹ́rin dé, fíríìjì kan tí kì í mú omi tutù, àti rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ńlá kan tó ń nù bí ẹni ń nu ọmọ tuntun.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí wọ́n jẹun tán, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, àwọn ọkùnrin méjì máa ń wá bá a gbọ́ orin: Tíṣà àgbà Afọláyan, tó ti ìlú mìíràn fẹ̀yìn tì wá, àti Bánjọ tó ń tún ọ̀kadà ṣe. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọn kò lè má gbọ́. Ọkùnrin mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan ń tẹ piánò, ọ̀kan ń fi ìka ta gòjé ńlá kan tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ẹnì kẹta ń fi ìgbálẹ̀ onírin wẹ́wẹ́ gbo ojú ìlù. Jáàsì ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó kọrin níbẹ̀. Ojú agbo ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, ní gbọ̀ngàn kan lókè òkun, tí èèyàn fi ń gbọ́ ìmí àwọn tó jókòó.

Bánjọ, tó ti búra tẹ́lẹ̀ pé orin tí kò bá ti lọ́rọ̀ nínú, ariwo ni, wá di ẹni tó ń di ojú gbọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ọ́ìlì á máa jó lórí eékún. Tíṣà Afọláyan ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. "Piánò ń béèrè, gòjé ń dáhùn, onílù ń bá àwọn méjèèjì gbà. Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó já lu ọ̀rọ̀ ẹnìkejì? Kí àwọn káńsẹ́lọ̀ wa wá kọ́ ọ." Wọn á dá a padà, wọn á tún gbọ́ ọ, wọn á sì mi orí.

Láti ojú fèrèsé ni Motọ́lání ti ń gbọ́ ọ, tó ń ṣa ẹ̀wà. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Ọlọ́runtọ́ba ní kí onílé má jókòó sẹ́yìn odi bí àlejò mọ́. Motọ́lání wọlé, ó jókòó.

Orin kẹta ni wọ́n gbọ́ dé, èyí tó rọra ń lọ. Onípiánò fi ìka kan ṣoṣo kan ibi tó kẹ́yìn, ó sì jẹ́ kí ó kú fúnra rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn kọ́kọ́ dákẹ́. Àtẹ́wọ́ wá bú jáde bí òjò lórí páànù. Nígbà tí ó rọlẹ̀ tán, ẹnìkan rẹ́rìn-ín kúkúrú lẹ́ẹ̀mẹta. Pá, pá, pá.

"Ẹ kú uṣẹ́ o!"

Bánjọ fò dìde. "Ẹ gbọ́ o! Ará Ìkẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀!"

"Ibo ni wọn kì í sí?" ni Tíṣà Afọláyan wí. "Bí wọ́n bá dé inú òṣùpá, wọn á bá ará Ìkẹ́rẹ́ tó ń ta uṣu."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Ọlọ́runtọ́ba kò rẹ́rìn-ín. "Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ní kásẹ́ẹ̀tì yìí," ló wí. "Mi ò gbọ́ ohùn yẹn níbẹ̀ rí. Ṣebí gbogbo wa la jọ ń gbọ́ ọ láti oṣù tó kọjá? Ta ló gbọ́ ohùn náà rí nínú yín?"

Motọ́lání mú páálí kásẹ́ẹ̀tì náà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Ọdún 1981 ni wọ́n gbà á sílẹ̀. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì: ọdún méje lẹ́yìn ìsìnkú. Otútù mú un láti àtẹ́lẹsẹ̀, oòrùn sì ń ràn níta.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àkúdàáyà. Ẹni tí ikú mú tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, wọ́n ní kì í lọ sọ́run. Yóò kọjá sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, yóò máa ṣiṣẹ́, yóò máa jẹun, kò sì séwu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá rí i, tó sì pe orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ náà ti bàjẹ́ fún un nìyẹn. Yóò dìde, yóò lọ, wọn kò sì ní í rí i níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí Motọ́lání máa ń ní kí àwọn ènìyàn lọ mu omi tútù lé lórí gan-an nìyí.

Ó padà lọ bá wọn gbọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀rín náà sún mọ́ ìtòsí. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n gbọ́ tí ẹni náà ń wúkọ́ kí orin tó parí. Ó dà bí ẹni tó jókòó lẹ́yìn tẹ́lẹ̀, tó ń fi àga sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń bọ̀ níwájú. Tíṣà Afọláyan kò fi ará Ìkẹ́rẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Bánjọ ń wá nítorí pé ẹ̀rù ń bà á láti má wá. Ṣùgbọ́n Motọ́lání ń kun àtíkè, ó ń wọ léèsì aláwọ̀ ewé rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn, ká má purọ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún kì í ṣe ọjọ́ kan. Ó ń jókòó ti rédíò bí ẹni tó jókòó ti ọkọ rẹ̀, kò sì la ẹnu pe orúkọ kankan.

Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: Yèyé. Ìyá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú ju ti ológbò lọ. Bí Motọ́lání kò bá mú un wá, ọmọ ọlọ́mọ ló ń jí gbọ́. Bí ó bá sì mú un wá, ìyá wo ló lè gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó kú kí ó má bú sí oríkì? Yèyé yóò pè é, Kọ́láwọlé yóò sì lọ. Ó rò ó sókè, ó rò ó sílẹ̀, ó pinnu pé òun kò ní í sọ.

Àṣé Yèyé ti ń ṣọ́ ọ. "Motọ́lání," ló wí lọ́jọ́ kan tí wọ́n jókòó sí ilé ìdáná, "kí ló wà ní ulé ayálégbé rẹ tí o fi ń kun àtíkè lọ ubẹ̀?"

Motọ́lání fẹ́ purọ́, ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Yèyé fa igi iná kúrò lábẹ́ ìkòkò ẹ̀wà.

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ó ń rẹ́rìn-ín, Yèyé."

"Mú mi lọ."

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tí ẹ bá gbọ́, ẹ má dárúkọ o."

Yèyé tún gèlè rẹ̀ wé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọyẹ́ ń fẹ́, eruku bo gbogbo àpáta Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n fi Yèyé jókòó sí àga tó sún mọ́ rédíò jù. Orin kẹta bẹ̀rẹ̀, ó dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó parí. Àtẹ́wọ́ dún, ó rọlẹ̀. Ẹ̀rín náà dé, kò tún jìnnà mọ́ rárá, bí ẹni pé ẹnì kẹfà ti wà nínú pálọ̀ náà. Pá, pá, pá. "Ẹ kú uṣẹ́ o!"

Omijé ń dà lójú Yèyé. Ó ti ki etí gèlè rẹ̀ bọ ẹnu, ó sì fi eyín dì í mú ṣinṣin. Ẹnu Yèyé yìí ni Motọ́lání tẹjú mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti fi bò ó.

Nígbà náà ni obìnrin kan rẹ́rìn-ín nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rín jẹ́jẹ́ ni, ti ẹni tó fi orí ti èjìká ọkùnrin. Ọmọ kékeré kan béèrè nǹkan. Ohùn Kọ́láwọlé dá a lóhùn ní èdè tí wọn kò gbọ́, ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi ń bá Táyọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

"Kọ́láwọlé!"

Kì í ṣe Yèyé ló pè é. Motọ́lání ni. Ohùn tí ìyàwó ilé fi ń pe ọkọ tó bá ní ilé àlè ló fi pè é, ó ti jáde kí ó tó mọ̀.

Ẹ̀rín gé lójijì. Gbogbo gbọ̀ngàn náà dákẹ́, kò sí ẹni tó wúkọ́. Àga kan họ ilẹ̀. Bàtà ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kò sáré, ó kọjá lọ́tùn-ún rédíò, ó kọjá lọ́wọ́ ẹ̀yìn àga Bánjọ, ilẹ̀kùn kan sì ṣí, ó tì. Ohùn obìnrin yẹn wá dún. Ó pe orúkọ kan tí kì í ṣe Kọ́láwọlé. Ó tún un pè. Onípiánò bẹ̀rẹ̀ orin kẹrin.

Bánjọ sá jáde láìwọ bàtà. Ọlọ́runtọ́ba dá kásẹ́ẹ̀tì padà. Orin kẹta ṣì wà, àtẹ́wọ́ ṣì wà. Ẹ̀rín kò sí mọ́. Obìnrin tó ń pe ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù.

Motọ́lání kúnlẹ̀, ó ń dúró de èpè. Yèyé yọ gèlè kúrò lẹ́nu.

"Ọdún kejì tí a sin ín," ló wí, "oníṣòwò kan wá sọ fún mi pé òun rí i ní Kánò. Mo rán àbúrò mi lọ. Ó pe orúkọ rẹ̀ láti ojú títì. Nígbà tó dé ulé náà, ọbẹ̀ ń hó lórí uná, obìnrin kan tó lóyún ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi í bóyá ó rí ọkọ òun. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò dárúkọ ọmọ mi mọ́, títí kan inú àdúrà. Nítorí tìrẹ ni mi ò fi sọ ọ́ ní ulé. Mo mọ̀ pé bí o bá gbọ́, wàá wá a lọ. Mo ní kí ó rí ubì kan jókòó sí."

Ó fa Motọ́lání dìde. "Èmi sọ ẹnìkan di opó. Ìwọ náà ti sọ ẹnìkan."

Ọlọ́runtọ́ba fẹ́ ju kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ṣáláńgá, Motọ́lání kò gbà. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, kò sẹ́ni tó wá gbọ́ orin. Òun nìkan ló wá, kò kun àtíkè. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ níwájú rédíò, ó jókòó sí i bí àwọn obìnrin ṣe ń jókòó ti ẹni tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ogójì ọjọ́ fi pé. Bí obìnrin yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọkọ rẹ̀, Motọ́lání á tẹrí ba.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ni yóò wí.

Obìnrin náà kì í dáhùn. Kò tíì mọ̀ ni. Ó ṣì ń pè é.