Odò Kì Í Kún Láìsí Òjò

Bí òórùn lẹ́búlẹ́bú pákó tútù bá fẹ́ sí mi nímú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì ló máa ń kọ́kọ́ rántí. Títí dòní ni. Mo lè wà nínú ọjà, mo lè wà lẹ́nu iṣẹ́, bí káfíńtà kan bá ti ń rẹ́ pákó nítòsí, ojú mi á kàn le, àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi á ní kí ló dé. Kò sí ohun tó dé. Màmá mi ló dé.

Sábó la gbé dàgbà, nínú ilé onílé kan tí ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Bàbá wa ń wa tírélà lọ sókè Ọya, nígbà mìíràn oṣù kan á parí kí a tó fojú kàn án. Àwọn tó kù nílé ni Màmá, èmi Sìdí, àti àbúrò mi Rọ̀ká. Màmá ń ta aṣọ kọ́tìnnì ní ọjà Tejúoṣó. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí kó tó wọ Èkó, gbogbo omi tó bá ti pọ̀ ju èyí tó wà nínú bàsíà lọ, odò ló ń pè é. Ọ̀sà, odò ni. Òkun, odò ni. Gọ́tà tó bá kún lẹ́yìn òjò, odò náà ni.

Ikọ́ Rọ̀ká ló sọ wá di èrò etí omi. Ọmọ náà ò ju ọdún mẹ́ta lọ, àmọ́ bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lóru, gbogbo ilé ló ń jí. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí ti Màmá wá sọ fún un pé atẹ́gùn etí omi ló dára fún irú àyà bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Kọ̀rọ̀ nìyẹn, ọjọ́ Sọ́ńdè kan lóṣù, nítorí ọjà kì í ná lọ́jọ́ náà. Kọ̀rọ̀ làwọn ará àdúgbò ń pe ibẹ̀, ẹ̀yìn àwọn sọ́mílù tí wọ́n ti ń la pákó létí ọ̀sà ló wà, níbi tí ilẹ̀ ti yí omi po bí ẹni di nǹkan mọ́ra. Ìgbì kì í hó níbẹ̀. Bí èèyàn bá dúró síbẹ̀, ó ń wo ọkọ̀ tó ń gba orí afárá kọjá láti Ìdó, kò sì ní gbọ́ ariwo wọn. Igi furúùtù kan wà lókè iyanrìn, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n méjì tàbí mẹ́ta á gúnlẹ̀ síbẹ̀, ó parí. N kò tíì rí ibi tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nílùú Èkó, àfi bí màmá mi bá gbé ẹrù rẹ̀ dé.

Ẹrù yẹn! Kúlà oúnjẹ, agboòrùn, bùláńkẹ́ẹ̀tì, róòbù, ẹní, aṣọ ìpààrọ̀ méjì-méjì, àti bútà kan tó kún fún omi àlùwàlá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: à ń lọ sétí ọ̀sà, a sì ń ru omi láti ilé. Bí mo bá kùn, á ní, "Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù." Ilẹ̀ tútù gan-an lèmi fẹ́ tẹ̀, òun ni kò jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́. Bí a bá ti débẹ̀, abẹ́ igi la ń jókòó sí, tàwa ti bàtà, tàwa ti ìbọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ìbọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń tàkìtì sínú omi níwájú wa, èmi jókòó bí awẹ́ obì nínú ọ̀rá, mò ń mí. "Atẹ́gùn la wá gbà," ni Màmá á wí. "Mi ò gbọdọ̀ rí i kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kan omi."

Obìnrin kan ń yan ẹja níbẹ̀, Àǹtí Bọ̀sẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ. Òun ló ṣàánú mi. Bí Màmá bá ń tòògbé, á pè mí sídìí òpó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, á fi ilà dúdú kan tó wà lára rẹ̀ hàn mí. Ó ní ibẹ̀ lomi ń dé, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, òjò ì báà rọ̀ tàbí kó má rọ̀. Mo bi í léèrè pé nígbà tí omi bá wá fà, ibo ló ń lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó lọ ni, kò kú. Á bọ̀." Mo tọ́jú ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni tọ́jú owó ọdún Iléyá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo sì ti mọ ohun kan tí ìyá mi ò mọ̀.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀ẹ̀rùn ni, oòrùn ń ta gan-an, Àǹtí Bọ̀sẹ̀ ti gbé ẹja lọ sọ́jà. Nígbà tí a débẹ̀, omi ti fà jìnnà débi pé iyanrìn tó le, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, yọ síta. Màmá wò ó, inú rẹ̀ dùn. "Àlùhámúdù lílàhì, odò ti fà. Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ atẹ́gùn lónìí."

Mo ní, "Màmá, ó máa padà o. Àǹtí Bọ̀sẹ̀ ní ó ń padà."

"Òjò rọ̀ ni?"

"Kò rọ̀, àmọ́ . . ."

"Odò kì í kún láìsí òjò. Níbo lo ti rí i rí? Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Gbé ẹní wá jàre."

Báyìí la tẹ́ ẹní sórí ilẹ̀ omi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó ní ká bọ́ bàtà, nítorí kí iyanrìn tútù má bàa ba ẹní jẹ́. A to bàtà mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, bàtà ọdún tèmi wà láàárín. A jẹun. Rọ̀ká sùn, àyà rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́ láìhan rárá, Màmá sì wò mí bí ẹni pé kí n wá jẹ́rìí òun. Mo tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i pé omi ti ń bọ̀. Kò tilẹ̀ bojú wo iwájú.

Nígbà tí àsìkò ìrun Aláàsárì tó, ó mú bútà rẹ̀, ó gòkè lọ sábẹ́ igi níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Ó ní, "Jókòó ti àbúrò ẹ. Má fẹsẹ̀ kan omi. Má sì pè mí bí mo bá ń kírun."

Ẹ̀bi tèmi rèé, mo gbà á: n kò jókòó. Òpó Àǹtí Bọ̀sẹ̀ ni mo lọ wò, kí n lè fi ilà dúdú yẹn dá ìyá mi lẹ́bi. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo bí omi ṣe ń gun òpó, inú mi ń dùn pé mo jàre. Nígbà tí mo máa yíjú padà, omi ti gba ẹ̀yìn yí ẹní ká. Ibi kan jin díẹ̀ láàárín ẹní àti òkè, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ kún. Rọ̀ká wà lórí ẹní láàárín omi, ó ń sùn.

Mo kígbe, "Màmá!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé Mùsùlùmí mọ ohun tí àgbà máa ń ṣe bí ọmọdé bá dí i lọ́wọ́ lórí ìrun. Kò lè sọ̀rọ̀, ohùn ló máa gbé sókè. Màmá ní, "Àlááhù Àkúbárù!" kíkankíkan, ó tẹ̀ ba. Mo tún pè é. "Àlááhù Àkúbárù!" Èyí tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó fi orí balẹ̀. Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa: pa ẹnu rẹ mọ́, màá bá ọ nílé. Mo wo omi. Mo wo ẹ̀yìn ìyá mi. Ẹ̀rù omi ń bà mí, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ẹ̀rù ìyá mi ló ń bà mí jù. Omi dé eteetí ẹní, Rọ̀ká fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè láti ojú oorun.

Mo bọ́ sínú omi. Ó gbóná díẹ̀, ó dé mi lórúnkún, mo sì rántí pé ohun kan nínú mi ní, áà, báyìí ló ṣe rí. Mo gbé Rọ̀ká. Ó wúwo, ó bú sẹ́kún. Bí mo ṣe gbé e dé òkè ni Màmá ṣe sálámà ìparí ìrun rẹ̀ sọ́tùn-ún, tó ṣe é sósì, kò dín in, tó wá yíjú padà, tó rí mi tí omi ń ro tótó lára aṣọ mi.

Ó gbá mi létí. Létí òsì.

"Kí ni mo sọ fún ẹ nípa omi?"

Lẹ́yìn ìgbátí ló tó rí ẹní. Ẹní ń lọ, kúlà ń tẹ̀ lé e, bàtà ọdún mi ń bẹ níwájú bí ẹni tó mọ̀nà. Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó gba Rọ̀ká lọ́wọ́ mi, ó pọ̀n ọ́n, ó mú bútà, ó ní ká máa lọ.

Ẹsẹ̀ lásán la fi rìn dé Sábó lórí ọ̀dà. Bútà nìkan ló kù wá kù nínú gbogbo ẹrù yẹn, ó sì dì í mú bí ife-ẹ̀yẹ. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ wo ẹsẹ̀ wa, ó ké, "Yéè! Ṣé ilé jó ni?" Màmá kúnlẹ̀ kí i, ó dáhùn pé, "Rárá o, Màmá. Atẹ́gùn la lọ gbà." Ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ẹja méjì ló wà nínú abọ́ mi, ẹyọ kan ló wà nínú tirẹ̀. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, mo sì jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹja kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Nígbà tí Bàbá dé láti òkè Ọya, bó ṣe ròyìn rẹ̀ fún un nìyí: "Odò fẹ́ gbé Rọ̀ká, Ọlọ́run ló ní n tètè rí i." Mo wà níbẹ̀, mò ń fọ abọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà ń dára sí i. Ó wá di pé ó já ìrun rẹ̀ sílẹ̀, ó fò sínú omi taṣọ-taṣọ. Ó sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ àkọ́bí Rọ̀ká, Rọ̀ká alára sì ń sunkún, ó ń dì mọ́ ọn. Mo jáde síta lọ mu omi tútù.

Lọ́dún tó kọjá, Màmá ní kí n gbé òun lọ sí Kọ̀rọ̀. Wọ́n ti da iyanrìn dí èyí tó pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ti mọ ògiri, ṣùgbọ́n igi furúùtù wà, etí omi tóóró kan sì ṣẹ́ kù. Mo mú ọmọ mi Habíbà, tí à ń pè ní Bíbá, dání, òun náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo gbé àga sábẹ́ igi fún Màmá, mo bọ́ bàtà mi sórí iyanrìn tó le, mo gbájú mọ́ fóònù, nítorí oníbàárà kan kò jẹ́ n sinmi.

Bíbá ní, "Mọ́mì, omi yẹn ń bọ̀ níbi bàtà yín o."

N kò gbójú sókè. Mo ní, "Ṣé mi ò ní kó o jókòó ni? Má dà mí láàmú. Má fẹsẹ̀ kan omi."

"Mọ́mì, ó ti ń . . ."

"Habíbà!"

Mo gbọ́ tí àga han. Màmá ti dìde, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí iyanrìn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú bàtà mi méjèèjì, omi dé ibi tí wọ́n wà bó ṣe ń yọ wọ́n. Ó gbé wọn wá fún mi.

"Gbọ́ tọmọ ẹ," ló wí. "Ọmọ kan sọ fún mi níbí rí, mi ò gbọ́."

Mo ní, "Ọmọ wo nìyẹn, Màmá?"

Ó wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá aago níbẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ìrun ti tó."

Ẹ wá wo ìyà! Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn, nígbà tó sì máa dé, "ọmọ kan" ni mo dà. Inú bí mi títí a fi dé ìdí mọ́tò. Lẹ́yìn náà ni mo rí Bíbá nínú dígí mọ́tò, ó kọjú sí fèrèsé, ó fún ẹnu rẹ̀ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí èmi ti máa ń fún tèmi. Ẹ̀bẹ̀ ò jáde lẹ́nu mi. Nígbà tí a délé, ẹja méjì ni mo bù fún un.

Bàtà mi gbẹ, mo wọ̀ ọ́ délé. Bíbá ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kankan lẹ́nu mi.